Bọ́ọ̀lù Agbọ̀n Ẹlẹ́ni Mẹ́fà ti Iowa: Bí Ó Ṣe Gbilẹ̀ àti Bí Ó Ṣe Kásẹ̀ Nílẹ̀

Olóòtú ètò yìí ti bi wá ní ìbéèrè tí ó le: bí ohun kan bá wà láàrin àwọn ará ìlú fún ohun tí ó ju àádọ́rin ọdún lọ, tí ó dùn mọ́ wọn nínú, tí ó sì ṣe àwọn ọmọ wọn lóore, ta ni ó ní ẹ̀tọ́ láti pa á rẹ́? Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tí a jọ jókòó yóò fi ọ̀ràn àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tiwa dáhùn. Èmi fẹ́ mú yín lọ sí ọ̀nà jíjìn díẹ̀, sí ìpínlẹ̀ Iowa ní àárín gbùngbùn Amẹ́ríkà, nítorí pé níbẹ̀ ni mo ti rí àpẹẹrẹ tí ó hàn gbangba jù lọ nípa irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Ìtàn náà kan ẹ̀yin olùkọ́ gan-an. Àwọn olùkọ́ ni ó gba eré yìí là, àwọn olùkọ́ ni ó tọ́ ọ dàgbà, àwọn olùkọ́ náà ni ó sì dìbò láti sin ín.

Iowa wà láàrin odò ńláńlá méjì, Mississippi ní ìhà ìlà-oòrùn àti Missouri ní ìhà ìwọ̀-oòrùn. Ilẹ̀ dúdú tí ó lọ́ràá ni ilẹ̀ wọn; àgbàdo, ẹ̀wà sóyà àti ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n fi ń jẹun. Bí a bá yọ Des Moines tí í ṣe olú-ìlú àti ìlú ńlá mélòó kan sẹ́yìn, ìlú kéékèèké ni ó kún ibẹ̀, òmíràn kò sì ju igba ènìyàn tàbí ọ̀ọ́dúnrún lọ. Síbẹ̀, ní àtijọ́, irú ìlú bẹ́ẹ̀ a ní ṣọ́ọ̀ṣì tirẹ̀, a ní báńkì tirẹ̀, a sì ní ilé-ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdìrì tirẹ̀. Nígbà òtútù, òjò dídì a bo ilẹ̀, iṣẹ́ oko a rọlẹ̀, alẹ́ a sì gùn. Inú gbọ̀ngán eré ilé-ẹ̀kọ́, níbi tí iná ti ń tàn tí ara sì ti ń móoru, ni tọmọdé tàgbà máa ń kóra jọ sí.

Eré tí wọ́n ń wò níbẹ̀ ni èyí tí àwọn ọmọ wa ń pè ní básíkẹ́ẹ̀tìbọ́ọ̀lù. Bọ́ọ̀lù agbọ̀n ni èmi yóò máa pè é, nítorí pé agbọ̀n ìkó-èso gan-an ni wọ́n gbé kọ́ ara ògiri nígbà tí James Naismith dá eré náà sílẹ̀ ní Springfield, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, ní oṣù Kejìlá ọdún 1891. Kò pé ọdún kan tí àwọn obìnrin fi gbà á mọ́ra. Ní 1892, Senda Berenson, olùkọ́ eré-ìdárayá ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Smith, bẹ̀rẹ̀ sí í fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó pín pápá sí ọ̀nà mẹ́ta, ó sì de olúkúlùkù mọ́ ìpín tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ oníṣègùn ìgbà náà gbà pé bí obìnrin bá ń sáré sókè sódò, ọkàn rẹ̀ kò ní gbà á, ó sì lè má lè bímọ mọ́. Ìpín mẹ́ta yìí ni Iowa kọ́kọ́ jogún. Nígbà tí ó yá, wọ́n sọ ọ́ di méjì.

Nígbà tí eré náà gbó tán, báyìí ni ó rí. Ẹni mẹ́fà ni ó wà ní ìhà kọ̀ọ̀kan. Ìlà kan la pápá sí méjì. Mẹ́ta nínú àwọn mẹ́fà jẹ́ ajùságbọ̀n: apá ibi tí agbọ̀n tí wọ́n fẹ́ jẹ wà ni wọ́n ń gbé, àwọn nìkan ni ó sì lè ju bọ́ọ̀lù sí i. Àwọn mẹ́ta yòókù jẹ́ adènà: apá kejì ni tiwọn, iṣẹ́ wọn sì ni láti dí àwọn ajùságbọ̀n ìhà kejì lọ́wọ́. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ kọjá ìlà. Ẹni tí bọ́ọ̀lù bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ lù ú mọ́lẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ kí ó tó jù ú. Bí adènà bá rí bọ́ọ̀lù gbà, ohun tí ó kù fún un kò ju pé kí ó gbé e dé ìdí ìlà, kí ó jù ú sí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní òdì-kejì, kí ó sì dúró síbẹ̀ máa wòran títí eré yóò fi tún padà sọ́dọ̀ rẹ̀.

Ẹ má ṣe rò pé eré onílọ̀ọ́ra ni. Ẹni tí kò lè lu bọ́ọ̀lù ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ kò ní àyè láti máa fi í yangàn. Àfi kí ó yára wo ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, kí ó yára jù ú, kí ó sì yára sá bọ́ sí ibi tí àyè wà. Nítorí pé ẹni mẹ́ta péré ni ó dojú kọ ẹni mẹ́ta nínú ìdajì pápá, àyè pọ̀ fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dá ṣáṣá. Ìdí nìyí tí ayò fi máa ń pọ̀ bí òjò nínú eré tí wọ́n ṣe òfin rẹ̀ nítorí kí àwọn ọmọbìnrin má baà rẹ̀ ẹ́.

Ní 1920 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe ìdíje gbogbo ìpínlẹ̀ fún àwọn ọmọbìnrin, ní yunifásítì Drake tí ó wà ní Des Moines. Ilé-ẹ̀kọ́ Correctionville ni ó gbégbá orókè. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tí ń fẹ́ ní Amẹ́ríkà nígbà náà kò ṣe rere fún irú ìdíje bẹ́ẹ̀. Ní 1923, àwọn obìnrin olókìkí nínú ẹ̀kọ́ eré-ìdárayá pàdé ní Washington, wọ́n sì fẹnu kò pé kí gbogbo ọmọbìnrin máa ṣeré, ṣùgbọ́n kí ó má ṣe sí ife-ẹ̀yẹ, kí ó má ṣe sí ìrìn-àjò láti ìlú kan dé òmíràn, kí ó má ṣe sí owó ìwọlé àti ariwo òǹwòran. Wọ́n ní ìdíje a máa ba ìwà àti ìlera ọmọbìnrin jẹ́. Lou Henry Hoover, ẹni tí ọkọ rẹ̀ di ààrẹ Amẹ́ríkà ní 1929, ni aṣáájú wọn. Ìmọ̀ràn wọn tàn kálẹ̀, ìpínlẹ̀ lẹ́yìn ìpínlẹ̀ sì fi òpin sí ìdíje àwọn ọmọbìnrin. Ohun tí ó pa mí lẹ́rìn-ín níbẹ̀ ni pé ọmọ bíbí Waterloo ní Iowa ni ìyáàfin Hoover fúnra rẹ̀. Àwọn ará ilé rẹ̀ gan-an ni kò gbọ́ tirẹ̀.

Èmi kò ka àwọn obìnrin Washington yẹn sí ọ̀tá àwọn ọmọbìnrin. Wọ́n ti rí bí eré àwọn ọkùnrin ṣe di ọjà, bí àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ṣe ń fi owó ra ọmọ, wọn kò sì fẹ́ kí irú rẹ̀ ran àwọn ọmọ tiwọn. Ṣùgbọ́n ìlú ńlá ni wọ́n ti ń wo ayé. Ọmọbìnrin tí wọ́n ní lọ́kàn ni ọmọ ọlọ́lá tí a ń fi ọkọ̀ gbé lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Ọmọ àgbẹ̀ Iowa ti fún wàrà màlúù kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti ru omi, ó ti ko igbẹ́ ẹlẹ́dẹ̀. Ta ni yóò sọ fún bàbá rẹ̀ pé sísáré fún wákàtí kan yóò pa á?

Ọdún 1925 ni ọ̀rọ̀ dójú ogbà ní Iowa. Ẹgbẹ́ tí ń ṣàkóso eré ilé-ẹ̀kọ́ ní ìpínlẹ̀ náà, tí àwọn ọkùnrin kún inú rẹ̀, pinnu pé àwọn kò ní bójú tó ìdíje àwọn ọmọbìnrin mọ́. Àwọn ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ láti ìlú kéékèèké yarí. Ọ̀kan nínú wọn, John W. Agans, kìlọ̀ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé ẹni tí ó bá fẹ́ dá eré àwọn ọmọbìnrin dúró ní Iowa, ojú irin rélùwéè ni ó dúró sí, rélùwéè náà sì ń bọ̀. Nígbà tí ìkìlọ̀ kò ran wọn, wọ́n yà kúrò, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀, èyí tí a lè pè ní Ẹgbẹ́ Eré-Ìdárayá Àwọn Ọmọbìnrin Ilé-Ẹ̀kọ́ Sẹ́kọ́ńdìrì ti Iowa. Ẹgbẹ́ yìí ṣì wà títí di òní olónìí, ó sì dá dúró lọ́tọ̀ sí ti àwọn ọkùnrin.

Kí ni ó mú kí ìlú kéékèèké fi ara mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀? Ilé-ẹ̀kọ́ tí gbogbo ọmọ rẹ̀ kò ju ọgọ́rin lọ kò rọrùn fún láti kó ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù ẹlẹ́ni mọ́kànlá ti Amẹ́ríkà jọ, aṣọ àti akoto rẹ̀ sì wọ́n. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin mẹ́fà kì í ṣòroó rí, pàápàá nígbà tí òfin náà gba ẹni tí ó mọ bọ́ọ̀lù jù àti ẹni tí ó mọ ènìyàn í dènà láàyè, kálukú níbi tirẹ̀. Bí ilé-ẹ̀kọ́ bá sì gbé eré àwọn ọmọbìnrin àti ti àwọn ọmọkùnrin sí alẹ́ kan náà, owó ìwọlé kan náà ni gbogbo ìlú yóò san. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìlú ńlá ní tiwọn gbọ́ràn sí Washington lẹ́nu. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù agbọ̀n ọmọbìnrin títí di àwọn ọdún 1970. Nítorí náà, fún bí ogójì ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, Iowa ní ìdíje kan tí ìlú ńlá kò lè gbà mọ́ ìlú kékeré lọ́wọ́, torí pé ìlú ńlá kò sí níbẹ̀. Irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Ẹ wo ibi gbogbo ní ayé, ẹ óò rí i pé ibi tí ọmọ oko àti ọmọ ìlú ńlá bá ti jọ ń du nǹkan, ẹni tí ó ní olùkọ́ púpọ̀ àti pápá tí ó dára ni ó ń mú un lọ.

Ní 1954, E. Wayne Cooley di akọ̀wé àgbà ẹgbẹ́ náà, kò sì kúrò níbẹ̀ títí di 2002. Ọkùnrin yìí mọ ohun tí òǹwòran ń fẹ́. Ní 1955 ni wọ́n ṣí gbọ̀ngán ńlá tí wọ́n kọ́ ní ìrántí àwọn ọmọ ogun ní Des Moines, èyí tí àwọn ará Iowa fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ pé abà ni. Abà náà gba ènìyàn bí 15,000, ìdíje àwọn ọmọbìnrin sì ń kún un fọ́fọ́ ní oṣù Kẹta lọ́dọọdún. Cooley kó ẹgbẹ́ afunfèrè wọlé, ó kó oníjó, ó kó akọrin. Ó mú kí àwọn aṣẹ́gun máa tò kọjá níwájú èrò nínú ẹ̀wù ẹgbẹ́ wọn. Kódà, àwọn tí ń gbá ilẹ̀ pápá láàárín eré, kóòtù dúdú àti táì ọrùn-labalábá ni wọ́n ń wọ̀ gbálẹ̀. Láti àwọn ọdún 1950 ni ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán ti ń gbé e, kì í sì í ṣe Iowa nìkan ni wọ́n ti ń wò ó. Ní ọ̀sẹ̀ ìdíje, ìlú tí ọmọ rẹ̀ bá wọlé a fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo.

Eré tí wọ́n ń ròyìn rẹ̀ jù lọ ni àṣekágbá ọdún 1968, láàrin Union-Whitten àti Everly. Denise Long ni ajùságbọ̀n Union-Whitten. Whitten tí ó ti wá kò ní ju bí igba ènìyàn lọ. Ní ọdún yẹn kan náà ni ọmọbìnrin yìí ti ju ayò 111 nínú eré kan ṣoṣo. Ní ìhà Everly, Jeanette Olson ni. Àwọn méjèèjì kò pàdé ara wọn lórí pápá rárá, nítorí pé òfin kò jẹ́ kí ajùságbọ̀n rékọjá ìlà; ṣe ni ọ̀kan ń jù ú ní apá kan, tí èkejì sì ń dá a lóhùn ní apá kejì, bí ẹni ń dá ìjálá fún ara wọn láti òkè odò. Àkókò pé, wọ́n dọ́gba. Wọ́n fi àkókò kún un. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, Union-Whitten ní 113, Everly ní 107. Olson ju 76, Long ju 64. Ẹni tí ó ju jù lọ ni ó pàdánù.

Ní 1969, San Francisco Warriors, ẹgbẹ́ àwọn ọkùnrin tí ń fi bọ́ọ̀lù agbọ̀n jẹun, kéde orúkọ Denise Long mọ́ àwọn tí wọ́n fẹ́ gbà. Walter Kennedy tí í ṣe olórí ìdíje náà fagi lé e lójú ẹsẹ̀. Àwọn kan ní ẹ̀fẹ̀ ni ẹni tí ó ni Warriors ń ṣe láti polówó ẹgbẹ́ rẹ̀, ó sì ṣeé ṣe kí ó rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó fi hàn: ní Amẹ́ríkà ọdún yẹn, ọmọbìnrin tí gbogbo ìpínlẹ̀ kan mọ orúkọ rẹ̀ jáde ilé-ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdìrì, kò sì sí ibì kankan fún un láti lọ pẹ̀lú ẹ̀bùn rẹ̀. Abà Des Moines ni òpin ọ̀nà. Gbólóhùn yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn bí a ti ń lọ, nítorí láti inú rẹ̀ ni ikú eré náà ti wá.

Kí n tó dé ibẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ nípa àwọn adènà, nítorí àwọn òpìtàn eré kì í bìkítà fún wọn. Ọmọbìnrin kan lè wọ ẹgbẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, kí ó ṣe é fún ọdún mẹ́rin, kí ó gba ife ìpínlẹ̀, kí ó má sì ju bọ́ọ̀lù sí agbọ̀n lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kì í ṣe pé kò mọ̀ ọ́n jù. Òfin ni kò gbà fún un. Nínú ìwé àkọsílẹ̀, òdo ni yóò wà níwájú orúkọ rẹ̀ títí ayé. Síbẹ̀, àwọn ará ìlú mọ̀ ọ́n. Wọ́n mọ ẹni tí ó ká ajùságbọ̀n olókìkí lọ́wọ́ kò ní alẹ́ báyìí-báyìí. Àwọn tí ń gbèjà eré náà máa ń sọ pé èyí ni ẹwà rẹ̀, pé ó kọ́ ọmọ láti ṣiṣẹ́ tí ẹlòmíràn yóò gba ìyìn rẹ̀. Ó dára láti gbọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ojú olùkọ́ wò ó, irú ẹ̀kọ́ wo ni ó kọ́ ọmọ ní ìdajì iṣẹ́ kan, tí ó sì fi òfin dè é pé kò gbọdọ̀ kọ́ ìdajì kejì? Bí mo ti fẹ́ràn ìtàn yìí tó, n kò lè gbójú fo ìbéèrè náà.

Ní 1972, ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ṣe òfin pé ilé-ẹ̀kọ́ tí ó bá ń gba owó ìjọba kò gbọdọ̀ fi ọ̀ràn akọ tàbí abo du ẹnikẹ́ni ní ohunkóhun. Ní ọdún ẹ̀kọ́ 1971 sí 1972, àwọn ọmọbìnrin tí ń díje fún ilé-ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdìrì ní gbogbo Amẹ́ríkà kò pé 300,000, nígbà tí àwọn ọmọkùnrin ju mílíọ̀nù 3.6 lọ. Kí ọdún mẹ́wàá tó pé, àwọn ọmọbìnrin ti ju mílíọ̀nù kan ààbọ̀ lọ. Àwọn yunifásítì bẹ̀rẹ̀ sí í fún ọmọbìnrin eléré ní ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́. Ní yunifásítì Iowa, Christine Grant, ọmọ ilẹ̀ Scotland, di ọ̀gá eré àwọn obìnrin ní 1973, ó sì wà lẹ́nu iṣẹ́ náà títí di 2000. Ní 1976, bọ́ọ̀lù agbọ̀n obìnrin wọ ìdíje Òlíńpíìkì ní Montreal. Ṣùgbọ́n ẹlẹ́ni márùn-ún ni gbogbo wọn ń ṣe, lórí odindi pápá. Ọ̀nà tí kò sí fún Denise Long ti là wàyí, ọmọ Iowa ni kò mọ bí a ti ń rìn ín.

Àwọn kan ní Iowa ṣì ń sọ pé Washington ni ó pa eré àwọn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní Tennessee, níbi tí wọ́n ti ń ṣe irú eré kan náà, ọmọ-ilé-ẹ̀kọ́ kan tí í ṣe adènà pe àwọn aláṣẹ lẹ́jọ́ ní 1976 pé òfin ìlà yìí ń dí òun lọ́nà ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́. Ilé-ẹjọ́ àkọ́kọ́ dá a láre. Ní 1977, ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dojú ìdájọ́ náà bolẹ̀. Nítorí náà òfin ìjọba kò fi agbára mú ẹnikẹ́ni. Tennessee fúnra rẹ̀ ni ó fi ẹlẹ́ni mẹ́fà sílẹ̀ ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà. Ní Iowa, àwọn ọmọbìnrin mẹ́ta gbé irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ dìde ní 1983. Ẹgbẹ́ kò dúró de ìdájọ́ kí ó tó ṣí ilẹ̀kùn: wọ́n gbà kí ilé-ẹ̀kọ́ tí ó bá fẹ́ máa ṣe ẹlẹ́ni márùn-ún, kí èyí tí kò bá fẹ́ dúró sí ti àtijọ́. Láti 1985 ni ife-ẹ̀yẹ ti di méjì.

Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìlú ńlá, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ padà sínú eré, ni ó kọ́kọ́ mú ẹlẹ́ni márùn-ún. Kò sí ìrántí kankan tí yóò mú wọn dúró. Àwọn ìlú kéékèèké rọ̀ mọ́ tiwọn, wọ́n sì ṣì ń mú ọmọ jáde: ní 1987 ni Lynne Lorenzen ti Ventura parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ayò 6,736, tí ó fi kọjá 6,250 ti Denise Long. Ṣùgbọ́n ní àwọn ọdún yẹn gan-an ni ilẹ̀ ń yẹ̀ lẹ́sẹ̀ wọn. Owó ilẹ̀ oko ní Iowa já ju ìdajì lọ láàrin 1981 àti 1986. Àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n ti yáwó lé ilẹ̀ lórí kò rí i san, báńkì gba oko, àwọn ọ̀dọ́ kó ẹrù wọn lọ. Iye ènìyàn gbogbo ìpínlẹ̀ náà dínkù láàrin 1980 àti 1990. Ilé-ẹ̀kọ́ tí kò rí ọmọ tó mọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dàpọ̀ mọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ìlú kejì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, àgbègbè ìṣàkóso ilé-ẹ̀kọ́ ní Iowa ju 4,000 lọ. Lónìí wọn kò pé 350.

Ní oṣù Kejì ọdún 1993, ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ náà dìbò pé kí ẹlẹ́ni mẹ́fà parí pẹ̀lú sáà yẹn. Ní oṣù Kẹta, Hubbard-Radcliffe gba ife ìkẹyìn. Oklahoma nìkan ni ó kù tí ń ṣe irú rẹ̀, òun náà sì fi í sílẹ̀ ní 1995.

Ṣé wọ́n ṣe é dáadáa? Èrò tèmi ni pé kò yẹ kí ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ tí yunifásítì ti ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀, gbogbo ọdún tí wọ́n fi dè ọmọbìnrin mọ́ ẹ̀yìn ìlà jẹ́ ọdún tí ó pàdánù, pàápàá àwọn adènà, tí olùkọ́ yunifásítì kò lè mọ̀ bóyá wọ́n lè ju bọ́ọ̀lù tàbí wọn kò lè jù ú. Àwọn ajùságbọ̀n rí ọ̀nà gbé e gbà. Molly Bolin láti Moravia bọ́ sí ẹgbẹ́ Iowa Cornets nígbà tí àwọn obìnrin kọ́kọ́ ní ìdíje agbowó-iṣẹ́ tiwọn ní 1978, ó sì ju ayò 55 nínú eré kan ní 1980. N kò rí orúkọ adènà kan tí ó lókìkí tó bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n àwọn tí ó rò pé òfin àtijọ́ ni gbogbo eré náà ṣì í. Òfin ìlà kò ju èèpo lọ. Ohun tí àwọn olùkọ́ 1925 fi lélẹ̀ ni àṣà pé kí bàbá àti ìyá, àbúrò àti alájọgbé, san owó, kí wọ́n sì jókòó wo ọmọbìnrin tí ń díje, láìsí ẹni tí yóò bi wọ́n léèrè ìdí. Èyí kò bá òfin lọ. Ní oṣù Kejì ọdún 1985, nígbà tí C. Vivian Stringer ń kọ́ àwọn obìnrin yunifásítì Iowa, ènìyàn 22,157 wá wo eré wọn pẹ̀lú Ohio State, èyí tí irú rẹ̀ kò tíì ṣẹlẹ̀ rí títí di ìgbà náà nínú bọ́ọ̀lù agbọ̀n obìnrin ti yunifásítì ní Amẹ́ríkà. Ta ni ó kọ́ wọn láti wá? Nígbà tí Caitlin Clark, ọmọ West Des Moines, ju ayò 3,951 fún yunifásítì kan náà kí ó tó jáde ní 2024, àwọn ìyá-àgbà tí wọ́n ti ṣe ajùságbọ̀n àti adènà rí wà lára àwọn tí ń pariwo fún un.

Ohun tí kò sí ẹni tí ó lè dá padà ni ti àwọn ìlú. Union àti Whitten ti dara pọ̀ mọ́ Beaman, Conrad àti Liscomb. Lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ ìlú márààrún ni wọ́n tò pọ̀ ṣe orúkọ ilé-ẹ̀kọ́, BCLUW, kí ẹnikẹ́ni má baà bínú. Everly dàpọ̀ mọ́ Clay Central. Ventura dàpọ̀ mọ́ Garner àti Hayfield ní 2015. Abà ti Des Moines ti di ilé ìpàdé fún àwọn oníṣòwò, gbọ̀ngán mìíràn tí ó tóbi jù ú lọ sì ni ìdíje àwọn ọmọbìnrin ń lò láti 2006. Nínú ìwé àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́, 6,736 ti Lorenzen ṣì wà lókè. Níbi ti àwọn adènà, iye eré tí wọ́n wọ̀ nìkan ni ẹ óò bá.

Olóòtú, ibẹ̀ ni n ó ti dúró, kí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi lè dá sí i.